Nọ́ńbà Méjì Lára Kọ̀ǹpútà Kan

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú rìsíìtì parí sí mẹ́tàdínlógún. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ikùn kọ̀ǹpútà parí sí mọ́kànlélógójì. Mo wo ti ìwé, mo da kọ̀ǹpútà dojú délẹ̀, mo wo tirẹ̀, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo fi etí ìró nù ún, mo tún wò ó. Ojú àgbà lè rí eéṣú kó pè é ní ẹyẹ, n ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe pe ọmọ ọmọ mi pé kó wá kà á sí mi létí. Ó kà á. Mẹ́tàdínlógún ni ti ìwé, mọ́kànlélógójì ni ti ikùn.

"A jẹ́ pé èyí kọ́ la rà," ni mo wí.

Ó ń gé èékánná ọwọ́ rẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí a jẹ́, kí ẹ má baà rò pé arúgbó kan kàn ń ráhùn. Màmá Abẹ́rẹ́ ni àdúgbò ń pè mí. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ kí ẹ̀yìn mi tó sọ fún mi pé ó tó. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún wọn ìbàdí èèyàn á mọ àṣírí ìlú: á mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀, á sì mọ ẹni tí ìyà ń jẹ tó ń pè é ní ààwẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan láìjẹ́ kí nǹkan mọ̀ pé à ń wo òun. Bí adìyẹ bá sọnù tàbí òrùka bá rá, èmi ni wọ́n ń wá. Mo ti mú olè mẹ́rin. Mo sì ti fẹ̀sùn kan ewúrẹ́ kan láìṣẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti bẹ ewúrẹ́ náà.

Ọmọ ọmọ mi yìí ní tirẹ̀, Pẹ́ńsùlù là ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ìgbà tí pẹ́ńsùlù kì í sí lẹ́yìn etí rẹ̀. Yunifásítì ti gbà á láti lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́, orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti ṣe é. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá lè gbé ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo ẹbí ló dáwó ra èyí tó wà níwájú wa yìí, kò sì sí ẹni tó tún ní òmíràn tó lè dá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni Pẹ́ńsùlù ti gbìyànjú láti ṣí ètò náà. Kọ̀ǹpútà á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí èmi nígbà tí mo bá gun àtẹ̀gùn, á gbóná, á sì kú fin-ín. Ọjọ́rú la sì wà yìí.

Mo ní kó múra ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á. Ó ní ká fi sílẹ̀, ó ní bóyá òun á rí ti ẹnìkan yá. Mo bi í pé ta ni yóò yá a ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí olúwarẹ̀ náà ní ìdánwò tirẹ̀ láti ṣe. Ó wọ bàtà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ gba abẹ́rẹ́.

*

Ẹni tó tà á fún wa, Onítáì ni mo ń pè é. Ọ̀dọ́kùnrin ni, òun nìkan ló ń so táì mọ́rùn ní gbogbo òpópónà yẹn, kódà bí oòrùn bá ń yọ́ ọ̀dà ojú títì. Mo gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó tún ọjọ́ Satidé tí a rà á sọ fún mi láti ìgbà tí a wọlé títí a fi jáde, kó má fo ohunkóhun.

Ó rántí ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní mẹ́ta la yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Pẹ́ńsùlù ní ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní ihò tó tó láti ki okùn bọ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì lè dúró títí kíláàsì á fi parí. Ìkejì pupa. Èmi ni mo di mọ́ ìyẹn, mo ní yóò bá báàgì ọmọ náà mu, ọmọ náà sì bi mí bóyá aṣọ là ń rà. Ẹ̀kẹta dúdú, ó nípọn, ó wúwo bí bíríkì, kò wù mí rárá. Òun ni Pẹ́ńsùlù dúró tì. Ó bèèrè mẹ́mórì rẹ̀, ó bèèrè káàdì inú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán, ó ní kí wọ́n tan án, ó ya ilé alájà mẹ́ta sórí rẹ̀, ó sì ń yí ilé náà po bí ẹni ń yí amọ̀.

"Òun nìkan ló kù nínú irú rẹ̀," ni Onítáì wí. "Èyí tí a fi ń ṣe àfihàn lórí tábìlì ni, mo sì sọ fún yín. Mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo fi téèpù aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ ẹnu páálí náà, nítorí pé a ti já ti iléeṣẹ́. Ikùn rẹ̀ ni mo ti da nọ́ńbà rẹ̀ kọ."

"Èyí tó wà níwájú rẹ yìí ńkọ́?"

Ó gbé e, ó yí i po, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ṣàlàyé pé iléeṣẹ́ a máa ki oríṣi méjì sínú ara kan náà, ọ̀kan fún ẹni tó ń yàwòrán, ọ̀kan fún ẹni tó kàn ń kọ lẹ́tà. Awọ wọn kò yàtọ̀, inú wọn ló yàtọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa, ti ẹni tó ń kọ lẹ́tà ni.

Àbí ẹ̀yin náà kò mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohùn wa, ó jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó bi Onítáì níbi tí èyí tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn wà. Wọ́n wá a lórí tábìlì, wọ́n wá a ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n wá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sí. Kò sí. Ó ní ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ọmọ yìí ti pààrọ̀ rẹ̀, ó ti gbé èyí tó dára lọ tà níta. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi.

"Màmá, bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mi, màá fún yín ní òmíràn tó bá èyí tí ọmọ yín yàn dọ́gba, mo ní i ní ṣọ́ọ̀bù mi kejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, páálí tí wọ́n bá ti já kì í padà sọ́dọ̀ mi."

Òfin tó yéni ni. Onítáì kò sunkún, kò sì búra. Ó kàn ń tú táì ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ kò tó.

Ìyẹn ló dà mí láàmú dé ilé. Olè tí mo ti mú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló búra.

*

Kí n tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kí n wo ibòmíràn. Láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé wa, ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: awakọ̀ takisí tó gbé wa, tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò tíì kọjá ẹnikẹ́ni lójú títì rí, àfi ẹni tó bá jókòó. Mo wá rántí pé a dúró lọ́nà. Àpò ìtọ̀ mi kì í ṣe èyí tó ń gbọ́ràn mọ́. Mo ti sáré lọ sẹ́yìn ògiri kan, mo sì pẹ́ níbẹ̀, torí ní ọjọ́ orí mi, bí omi ẹ̀rọ ló ń wá, á dá díẹ̀, á tún máa rò ó. Nínú ìdádúró yẹn, èèyàn lè pààrọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́wàá.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo bá Jẹ́jẹ́ níbi tó ti ń fọ táyà. Mo fi ojú tí mo fi ń wo olè wò ó, mo ní kó sọ ohun tó ṣe nígbà tí mo wà lẹ́yìn ògiri.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò. Ó ní, "Màmá, kí ni mo fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ gbé àpò tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ lọ sẹ́yìn ògiri. Ọmọ yín ní kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ní ẹ ò fọkàn tán mi."

Òótọ́ ni. Mo rántí gbogbo rẹ̀ pátá. Mo gbé àpò kọ́ ọrùn lóṣòó, bíríkì inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí sẹ́yìn kí n jókòó sínú ohun tí mo ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí àkísà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà ń lọ sílé, ẹ̀rín náà kò bá mi dé ọ̀nà. Bí àpò náà kò bá kúrò lọ́wọ́ mi rí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, a jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Okùn ẹ̀sùn ń fún mọ́ Onítáì lọ́rùn, kò sì wù mí bí ó ṣe ń yá tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo mú àlùmọ́gàjí mi láti gé etí aṣọ kan. Kò gé, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹni tó bá mọ aránṣọ mọ̀ pé ó lè yá ọ ní owó, ó lè yá ọ ní ibùsùn, ṣùgbọ́n kò ní yá ọ ní àlùmọ́gàjí láti fi gé ohun tí kì í ṣe aṣọ. Pẹ́ńsùlù ti jí i lò ní Satidé láti fi já páálí kọ̀ǹpútà, mo sì fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà bú u. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ gaara bí omi ojú, ó sì fa ègé ọ̀rá kan mọ́ra tí orúkọ iléeṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Mo tẹ̀ ba, mo fa páálí náà jáde lábẹ́ ibùsùn, orúnkún mi ń dún bí igi gbígbẹ. Kò sí téèpù aláwọ̀ ilẹ̀ níbì kankan lára rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ ti tẹ nọ́ńbà kan síta gbangba: mọ́kànlélógójì. Páálí bá kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ mu. Wọn kò pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, odindi páálí ni wọ́n pààrọ̀.

Mo jókòó sórí àpótí, mo sọ ara mi di olè. Bó bá jẹ́ èmi, màá yọ èyí tó dára kúrò nínú páálí tí wọ́n ti já, màá ki èyí tí kò dára síbẹ̀, màá tún téèpù lẹ̀. Nọ́ńbà ara páálí á bá rìsíìtì mu, kò sẹ́ni tó máa tètè fura. Olè wo ni yóò gbé odindi páálí tuntun fúnni, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ń pariwo pé òun kọ́? Ẹni tí kò mọ̀ pé nọ́ńbà já mọ́ nǹkan ni. Ẹni tó rò pé èyí tí ọwọ́ kò tíì kàn sàn ju èyí tí wọ́n ti fọwọ́ kàn ni.

Mo sọ ọ́ fún Pẹ́ńsùlù, tó ń fi rúlà ya nǹkan sórí pátákó. Mo ní, "Ẹni tó ṣe èyí kò fẹ́ jalè. Ó fẹ́ kí a mú èyí tó dára jù lọ sílé."

Ẹnu pẹ́ńsùlù ọwọ́ rẹ̀ kán. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé dandan ni ká mọ ẹni náà?"

Mo ní dandan ni. Ó dìde, ó ní òun ń lọ bomi, bẹ́ẹ̀ ìkòkò omi kún dẹ́nu. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ti jẹun dáadáa, mo sì rò pé ìbẹ̀rù ìdánwò ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pe èmi náà, ẹ wò mí.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Sájẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí mi láti àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin ni, mo ti tú ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti mú Onítáì wá síbẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, kò so táì lónìí, ọrùn rẹ̀ rí bí ọrùn ọmọdé. Pẹ́ńsùlù dúró ti ògiri lẹ́yìn mi.

Sájẹ́ǹtì ní nǹkan ti tán, ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ló kù. Kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kejì, kọ̀ǹpútà tó yẹ á sì dé ọwọ́ ọmọ mi kí oòrùn tó kàn tàrí. Ó ti ìdì fọ́ọ̀mù kan sí iwájú mi. Mo fa ọ̀kan, mo gbé gíláàsì sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Sájẹ́ǹtì na ọrùn wò ó. Ó ní, "Màmá, ṣé ajá yín ló sọnù ni?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, fọ́ọ̀mù ẹran ọ̀sìn tó sọnù ni mo ń kọ orúkọ mi sí. Ti olè jíjà ló wà lókè, ó tiẹ̀ tò ó sókè nítorí tèmi, ṣùgbọ́n mo ti fa èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bi mí ìdí rẹ̀.

"Ti òkè ti gba ọwọ́ púpọ̀," ni mo wí.

N kò tíì pa ẹnu dé tí ara mi fi tutù.

Fún ogójì ọdún tí mo fi ra aṣọ, n kò mú ti òkè rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní. Ti òkè ni eruku ti lá, òun ni oòrùn ti họ àwọ̀ rẹ̀, òun ni ogún èèyàn ti fi ọwọ́ ọ̀rá fún wò. Ẹ dúró kí ẹni tó ń tà á yíjú, ẹ fa ti abẹ́, ẹ sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo aránṣọ ló ń ṣe é. Kì í ṣe olè, torí aṣọ kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo rí káńtà ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ Satidé báyìí bí ẹni pé mo dúró tì í. Onítáì gbé páálí olótéèpù lé orí òkìtì páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, àwòrán kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Ó kọ rìsíìtì tán, ó ní òun ń lọ mú òǹtẹ̀ wá. Mo wo téèpù yẹn, imú mi kò gbà á. Ṣé èyí tí gbogbo ayé ti tẹ̀ lójú ni ọmọ ọmọ mi máa gbé lọ sí yunifásítì? Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ó fa ọ̀kan jáde lábẹ́ òkìtì, ó ti olótéèpù síbẹ̀, ó ki tuntun bọ àpò, ó fa síìpù. Kí Onítáì tó padà dé, mo ti ń ṣàròyé orúnkún mi. N kò sì tún rántí mọ́, bí èèyàn kì í ṣe é rántí ìgbà tó tún ìró ìdí rẹ̀ ró.

Bíró wà lọ́wọ́ mi. Fọ́ọ̀mù olè wà níwájú mi. Bí mo bá kọ ohun tí gbogbo wọn ń retí, Pẹ́ńsùlù á ṣe ìdánwò rẹ̀. Bí mo bá kọ òótọ́, páálí tí wọ́n ti já kì í padà. N kò ní purọ́ fún yín, mo fi falẹ̀. Mo tún gíláàsì mi ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì wúkọ́ kan tí kò yọ mí lẹ́nu. Onítáì ń wo ilẹ̀ tó wà láàárín bàtà rẹ̀ méjèèjì. Mo ro gbogbo ilé tí ọmọ mi máa yà láyé rẹ̀, mo sì rí i pé orí ọrùn Onítáì ni ìpìlẹ̀ wọn máa dúró.

"Sájẹ́ǹtì," ni mo wí, "kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Màmá Abẹ́rẹ́ ni."

*

Gbogbo wa la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Onítáì gbé páálí tuntun mẹ́ta kúrò lórí òkìtì ẹ̀gbẹ́ káńtà. Ẹ̀kẹrin ni, téèpù aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ́nu, mẹ́tàdínlógún lára. Wọ́n ti wá ibi gbogbo tí wọ́n ń kó èyí tí wọ́n ti tú sí. Kò sẹ́ni tó wá a láàárín èyí tí wọn kò tíì tú.

Mo bẹ Onítáì. Mo bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, n kò fi ọjọ́ orí bo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n má bẹ òun mọ́, ara òun kò gbà á. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ojú sì ti òun náà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti kọ̀ǹpútà, ó ní ohun tí òun wí náà ni. Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀, àwa la já a, tiwa ni.

Mo la ẹnu. Omijé, orúnkún, ọjọ́ orí àti opó tí mo ti ń ṣe bọ̀, gbogbo wọn ti tò sí mi lọ́fun láti fi bẹ̀bẹ̀. Pẹ́ńsùlù fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ jókòó, Màmá. Mo rí yín lọ́jọ́ Satidé. Mo rí ọwọ́ yín. Mo dákẹ́ torí pé àgbà ni yín, mo rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Mo tún dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pe ẹni ẹlẹ́ni ní olè. N ò ní dákẹ́ lónìí."

Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo tọ́ ọ pé a kì í já àgbà nírọ́ níta. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dé ibi pé ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ sí àtìmọ́lé. Ó kúnlẹ̀ fún Onítáì, ó tọrọ àforíjì, kò sì tètè dìde. Nígbà tó dìde, ó kọjú sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù.

Ó bi í bóyá wọn kò nílò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú láti fi ṣe àfihàn mọ́. Ọ̀gá ní wọ́n nílò rẹ̀, tábìlì ti ṣófo láti Satidé.

"Ìyá mi àgbà ti bá yín tú ọ̀kan," ni Pẹ́ńsùlù wí. "Ẹ gbé e sórí tábìlì. Rìsíìtì yín kọ mẹ́tàdínlógún, òun ni a san owó rẹ̀, kò sì tíì jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín."

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wò ó. Ó wo rìsíìtì. Ó wo èmi lórí àpótí, mo sì gbìyànjú láti rí bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Níkẹyìn ó bi mí pé ta ló ní kí ọmọ yìí lọ kọ́ yíya àwòrán ilé nígbà tí ilé ẹjọ́ ń wá lọ́yà. Ó mi orí sí Onítáì pé kó gbé méjèèjì sí àyè wọn. Pẹ́ńsùlù kò gbé tirẹ̀ títí ó fi tan án, tó ki ètò sí i, tí ètò náà sì ṣí kí n tó yán tán.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé páálí náà délé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé tí o ò gbá ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà?" ni mo bi í.

"Màmá, ṣé wọ́n ń gbá ọwọ́ ìyá àgbà ni?"

"Láti òní lọ," ni mo wí, "wọ́n ń gbá a."